Tí Ẹ̀rọ Bá Fẹ́ Bá Wa Jó, Kó Kọ́kọ́ Gbọ́ Ìlù

Ẹ wo onílù dùndún tó mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lóde ijó. Kì í wo ìlù tó wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Bí oníjó bá fẹ́ yí, onílù ti mọ̀ kó tó yí. Bí oníjó bá fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kọ̀ǹgọ́ ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà láti pàdé ẹsẹ̀ yẹn. Oníjó náà kò sì dá wà. Etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá ìlù, torí ìyá ìlù lè ní kó rọra, ó lè ní kó fò, ó sì lè fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Tá a bá fẹ́ sọ ọ́ bí onísáyẹ́ǹsì, onílù yẹn ni sẹ́ńsọ̀, òun ni kọ̀ǹpútà, òun náà ni sípíkà. Ojú rẹ̀ ń gba ìròyìn, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣírò, ọwọ́ rẹ̀ ń fèsì. Kò sì ń lo iná mànàmáná.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ báyìí ni pé irú eré kan ti ń gbilẹ̀ kárí ayé. Wọ́n á so ijó, ère àti ẹ̀rọ tó ń mọ bí ara ṣe ń mì pọ̀ lórí ìtàgé kan ṣoṣo. Oníjó á gbé apá sókè, ère tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tàn yòò. Á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn á jáde. Á sáré, àwòrán ara ògiri á máa sáré tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo fídíò irú eré yìí, wọ́n sì ń béèrè pé ìgbà wo ni tiwa máa dé.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn ò tọ̀nà. Nínú nǹkan mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ yẹn, méjì ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́, wọ́n sì ti wà pọ̀ tipẹ́. Ẹ̀kẹta wà nínú àpò ṣòkòtò yín báyìí. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: ta ni ẹ̀rọ yìí máa gbọ́ràn sí lẹ́nu, ta ló sì máa ni ohun tó bá gbà sílẹ̀?

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé èèyàn mì?

Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà. Nínú èkíní, ẹ̀rọ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wo oníjó. Nínú èkejì, oníjó á gbé ẹ̀rọ náà sára.

Ẹ jẹ́ ká mú Kinect gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ti àkọ́kọ́. Microsoft gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 fún àwọn tó ń gbá géèmù Xbox. Ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn ò lè rí, sára ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ní àmì tóótòòtó tó pọ̀ gan-an. Kámẹ́rà rẹ̀ á wo bí àwọn àmì náà ṣe yẹ̀ kúrò ní àyè wọn, á sì fi ìyẹn ṣírò bí orí, apá àti orúnkún ṣe jìnnà sí i tó. Láti inú ìṣirò yẹn ló ti ń ya egungun èèyàn tó ní oríkèé 20. Nǹkan bíi dọ́là 150 ni wọ́n ń tà á nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi sáré já a gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ géèmù. Microsoft dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2017, àmọ́ kò bà wá lẹ́rù. Lónìí, kámẹ́rà fóònù lásán pẹ̀lú MediaPipe, tí Google ṣe, lè tọ́ka sí ibi 33 lára ẹni tó ń jó.

Ọ̀nà kejì wà nínú fóònù yín. Ègé silicon kan tó kéré gan-an wà níbẹ̀, tí wọ́n so rọ̀ bí ẹni pé ó wà lórí sípíríǹgì. Bí fóònù bá ṣàdédé yára lọ sí apá kan, ègé yìí á fà sẹ́yìn díẹ̀, bí èrò inú mọ́tò ṣe máa ń fẹ̀yìn lu àga nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹná lójijì. Fóònù á wọn bó ṣe fà sẹ́yìn tó, ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun náà ló ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé ẹ ti dà á dùbúlẹ̀ kí fídíò lè fẹ̀.

Ẹ lè dán an wò lónìí. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é. Ẹ ṣí i, ẹ mú ibi tó ń ka ìyára fóònù, ẹ so fóònù náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó fún, kí ẹ wá jó sí ìlù kan fún ìṣẹ́jú kan. Ìlà tẹ́ ẹ máa rí lójú fóònù náà á máa ga gíga níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi han ẹni tó mọ ìlù, ó lè fi ìka tẹ̀ lé e kó sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í fún yín.

Ọdún 1965, ní New York àti ní Òṣogbo

Ká má tanra wa, eré yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó gbé e dé náà. Ní nǹkan bí 1920 ni ọmọ Rọ́ṣíà kan, Leon Theremin, ti ṣe ohun èlò orin tí èèyàn ń lò láìfọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1965, Merce Cunningham àti àwọn oníjó rẹ̀ jó Variations V ní New York, John Cage ló sì ṣètò orin rẹ̀. Robert Moog ṣe àwọn ọ̀pá eriali tó ń mọ̀ bí ara èèyàn bá sún mọ́ wọn. Billy Klüver sì ṣètò àwọn ojú iná tó ń mọ̀ bí oníjó bá gba iwájú ìmọ́lẹ̀ kọjá. Bí wọ́n ṣe ń jó ni ohùn ń yí padà.

Ó dáa. Níbo làwa wà nígbà yẹn? Ẹ wá sí Òṣogbo. Dúró Ládípọ̀ ti ṣí Mbárí Mbáyọ̀ níbẹ̀ ní 1962, níbi tí òṣèré, onílù, oníjó, ayàwòrán àti agbẹ́gilére ti ń pàdé lábẹ́ òrùlé kan. Ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jó kiri pẹ̀lú àwọn tó ń ta oògùn wọ ibẹ̀. Ijó ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n kó tó di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Ní igbó Ọ̀ṣun, Susanne Wenger pẹ̀lú Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kasali Àkàngbé fi símẹ́ńtì, òkúta àti igi ṣe ère sí ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà jó kọjá lọ sí odò. Ní 1965 yẹn gan-an ni ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Láti Ìbòkun, Òṣogbo wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, Iléṣà wà ní gúúsù. Kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n ń so eriali mọ́ ìtàgé ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ọ̀ṣun ti so ijó mọ́ ère. Sẹ́ńsọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀, ojú onílù sì ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ère tó ń jó

Àwọn kan á ní ère Òṣogbo dúró sójú kan, èèyàn ló ń jó kọjá lára rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Èkìtì, aládùúgbò wa, ká wo Ẹ̀pà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tó ní ojú, ibẹ̀ ni oníjó ń ki orí bọ̀. Lórí ìkòkò yẹn ni wọ́n gbẹ́ jagunjagun tó gun ẹṣin lé, tàbí ìyá tí ọmọ yí ká. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, àwọn kan sì wúwo ju kílò 20 lọ. Ọ̀dọ́kùnrin á gbé e, á jó, á sì fò sórí òkìtì pẹ̀lú rẹ̀ láì ṣubú. Tó bá ṣubú, àmì burúkú ni fún ìlú.

Ẹ ronú sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ físíìsì. Èèyàn máa ń dúró gbọn-in níwọ̀n ìgbà tí àárín ìwúwo rẹ̀ bá ṣì wà lókè àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé kílò 20 lé orí, àárín ìwúwo yẹn á gòkè, tẹ́ ẹ bá sì fì díẹ̀ péré, ó ti fẹ́ bọ́ síta. Ohun tó wúwo tó sì fẹ̀ kì í tètè gbà kí wọ́n yí òun, tó bá sì ti ń yí, kì í tètè gbà kí wọ́n dá òun dúró. Nítorí náà, ẹni tó gbé Ẹ̀pà ò lè jó bí ẹni tó dé fìlà. Ìwúwo igi náà ló ń sọ fún un irú ijó tó lè jó. Ohun tí mo ń sọ ni pé agbẹ́gilére náà bá wọn ṣètò ijó yẹn kí oníjó tó gbé e sórí.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀. Láwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Kétu àti agbègbè rẹ̀, àwọn ère kéékèèké tó ń mì wà lórí igi tí oníjó dé, okùn tó ń fà lábẹ́ aṣọ ló ń mú wọn mì. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wà nínú ìwé àṣà àgbáyé láti 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Okùn tí ìṣípòpadà ara ń fà, tí ère sì ń fèsì sí: kí la máa pe ìyẹn, bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ?

Ibi tí ẹ̀rọ ti máa kọsẹ̀

Ká ní ẹnì kan gbé kámẹ́rà wá lọ́la pé òun fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ sí ijó wa. Ìṣòro mẹ́ta ló máa pàdé.

Àkọ́kọ́ ni aṣọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi kámẹ́rà wá egungun èèyàn, àwòrán ara tó hàn kedere ni wọ́n fi kọ́ wọn. Apá gbọ́dọ̀ jọ apá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ẹsẹ̀. Ẹ wọ agbádá kí ẹ dúró níwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi apá mú. Ẹ dé ère sórí, kò ní mọ ibi tí orí wà mọ́. Aláṣọ ńlá tó ń yí bí ìjì á dà á lọ́pọlọ rú. Èyí fi hàn pé fún ijó tiwa, ẹ̀rọ tí oníjó gbé sára, tàbí èyí tí agbẹ́gilére fi pamọ́ sínú igi, ló yẹ ká lò ju kámẹ́rà lọ.

Ìkejì ni àkókò. Kinect ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 33 ló wà láàárín àwòrán kan sí èkejì. Bí ijó bá gbóná tí ìlù ń dún lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 125 ló wà láàárín lílù kan sí òmíràn. Àwòrán kan péré ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá tún lo 90 láti fi ṣírò, ohùn tó yẹ kó bọ́ sórí lílù yìí á lọ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn òyìnbó tó ń wòran lè má mọ̀. Ìyá àgbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà á mọ̀, á sì yínmú.

Ìkẹta ló dùn mí jù. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí mo ti wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ò mọ̀ ju kó gbọ́ràn lọ. Apá lọ sókè, iná tàn. Apá wálẹ̀, iná kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti sú ojú. Onílù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé oníjó, ó sì ń darí rẹ̀. Nígbà míì á mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti fún un ní ohun tó ń wá, kí oníjó lè wá nǹkan míì dá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí a bá máa gbé ẹ̀rọ wọlé, ká má fi rọ́pò onílù. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ inú ère fún sẹ́ńsọ̀, ẹ fi ohùn sílẹ̀ fún ọmọ Àyàn. Lọ́nà yẹn, onílù á máa wo oníjó, á tún máa wo iná inú ère, á sì ní ohun méjì tó lè fèsì sí. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni mo ń sọ yìí pẹ̀lú. Ilé ayẹyẹ tó bá rí i pé kọ̀ǹpútà lè lu ìlù kò ní pe onílù mọ́.

“Ṣé ẹ fẹ́ fi wáyà sí egúngún ni?”

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí. Rárá o. Ohun tó jẹ́ ti ọdún, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ọdún. Ohun tí wọ́n bò, ẹni tó ni ín ló mọ ìdí tó fi bò ó, sáyẹ́ǹsì ò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti tú u wò. Àmọ́ ìtàgé wà lọ́tọ̀. Bí Ládípọ̀ ṣe ṣe nìyẹn: ó mú ìlù, ijó àti ìtàn wá sí orí ìtàgé, ó fi ṣe eré tí gbogbo èèyàn lè wò, ojúbọ sì wà ní àyè rẹ̀. Ẹ ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère tuntun fún eré tuntun. Ẹ jọ jókòó kó tó gé igi, kó lè fi àyè sílẹ̀ fún bátìrì àti sẹ́ńsọ̀ níbi tí ìwúwo wọn ò ti ní da oníjó láàmú. Ẹ má dúró de ìjọba, ẹ má sì dúró de NEPA: iná LED àti pawabáǹkì tó.

Ta ló ni ìṣísẹ̀ yẹn?

Ọ̀rọ̀ tó le jù wá kù. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti ka ijó èèyàn, ijó yẹn ti di nọ́ńbà. Nọ́ńbà ṣeé dà kọ, ó ṣeé tà, ó ṣeé fi wọ ọmọlangidi inú géèmù láìsí orúkọ ẹni tó jó o. Ní 2018, olórin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ 2 Milly gbé àwọn tó ṣe géèmù Fortnite lọ sí kóòtù pé wọ́n ń ta ijó òun. Alfonso Ribeiro náà ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti forúkọ ijó rẹ̀ sílẹ̀, torí wọ́n ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ lásán ni. Àwọn méjèèjì fa ẹjọ́ wọn padà. Bí ẹni tó ní lọ́yà bá jìyà báyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní Ìjẹ̀ṣà tí ọmọ yunifásítì kan so sẹ́ńsọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó sì gbé fáìlì lọ?

Àwọn kan ti ń ronú sí i. Qudus Oníkẹ̀kù, oníjó ọmọ Èkó tó dá QDance sílẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá ijó mọ̀ kí ẹni tó ni ín lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ìyẹn ni mo pè ní ìlò tó dára: sẹ́ńsọ̀ kan náà tó lè jí ijó gbé lè jẹ́rìí fún oníjó.

Ẹ rántí pé ìlù Ìjẹ̀ṣà ti kọjá òkun rí. Ní Bahia ní Brazil, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá. Wọ́n ń lù ú fún Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń lù ú ní ìgboro nígbà kánífà, pàápàá lọ́dọ̀ Filhos de Gandhy tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ò gbé ìwé lọ, wọn ò gbé ère lọ. Ara wọn ló gbé ìlù náà. Síbẹ̀, orúkọ wa ò já bọ́ lójú ọ̀nà. Bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè bá lè gbé ìlù kọjá òkun kó má sọ orúkọ ibi tó ti wá nù, kò sí àwíjàre fún fáìlì kọ̀ǹpútà tó bá sọ ọ́ nù.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Kẹ́ ẹ tó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún un ní èdè tó gbọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ onílù àti orúkọ ìlú sínú fáìlì náà gan-an. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí owó bá sì tibẹ̀ jáde, ẹ pín in.

Gbogbo ọmọ Ìbòkun ló mọ ìtàn Ajíbógun. Ojú ń dun Odùduwà, wọ́n ní omi òkun ló lè wò ó sàn, Ajíbógun sì lọ bù ú wá. Ibẹ̀ ni orúkọ Ọbòkun ti wá. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín pé ó gbóyà dé òkun. Èmi rò pé ibi tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò jókòó sí etí òkun máa wo omi. Ó gbé e wálé, ó sì mọ ojú ẹni tó fẹ́ fi wò sàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ bu omi yìí wá. Kẹ́ ẹ tó ṣí áàpù kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti onílù kan fún ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ wo ohun tí ojú rẹ̀ ń wò.